Kérésìmesì Tí Mo Fi Ohùn Àbúrò Mi Sọ̀rọ̀

Ibi tó burú jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ pòṣé lè tètè pòṣé rẹ̀. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, ní gbogbo Sọ́ńdè, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ń pe ìyá tó bí mi lórí fóònù, mo sì ń sọ fún wọn pé èmi ni àbúrò mi. Àbúrò mi yìí, ó ti kú.

Ẹ ti gbọ́. Ó kù kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹnu ni mò ń ṣe. Ibùdókọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kékeré kan tí kò gbà ju àga kan lọ, pẹ̀lú fèrèsé onígíláàsì àti gbohùngbohùn kan tí irin ẹnu rẹ̀ ti họ. Èmi ni mò ń kéde ọkọ̀ tó fẹ́ lọ, ọkọ̀ tó ti dé, ẹrù tí olówó rẹ̀ gbàgbé, àti ọmọ tó sọnù tó ń wá ìyá rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Àwọn awakọ̀ sọ mí ní Agogo, wọ́n ní bí mo bá sín, ọkọ̀ mẹ́ta á gbéra.

Àbúrò mi ní tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ohùn kan náà ni Ọlọ́run fún àwa méjèèjì, àmọ́ èmi fi tèmi ṣe pàṣán, òun fi tirẹ̀ ṣe ìpara. Bí mo bá rọra sọ̀rọ̀, tí mo ń sinmi díẹ̀ láàárín gbólóhùn kan àti èkejì, tí mo fi "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màámi" bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀dá tó máa mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ibà ló ní ó ń ṣe òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹrin. Ó dúbúlẹ̀ sílé, ó ní á lọ. Ní Fúráìdè, ibà lọ, ó mú un dání lọ. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà, kó sínú ọkọ̀ rẹ̀ bí ìgbín ṣe ń kó sínú ìkarahun, láti ìgbà náà, ojú títì ló ń gbé. Ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ wà.

Ẹ̀gbọ́n inú wọn, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Lọ́yà là ń pè é, torí kò sí ohun tí o máa sọ tí kò ní bi ọ́ pé ẹ̀rí dà. Àbúrò rẹ̀, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, Gílóòbù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí bí inú rẹ̀ bá dùn báyìí, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ wáí, wàá fẹ́ máa wá ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ta ló pilẹ̀ irọ́? Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ni. Ọ̀gá iléèwé ni, àmọ́ Tíṣà là ń pè é láti kékeré, kó tó mọ̀wé rárá, torí pé kì í rí ẹni tó ń ṣe nǹkan kó má tọ́ ọ sọ́nà. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá Màmá wa jà kò fẹ́ ìpayà. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé, ìròyìn ikú náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kẹta tí a sin àbúrò mi, Tíṣà kó wa jọ sí pálọ̀ rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún Màmá. Ó ti ríṣẹ́ sí òkè òkun, wọ́n ní kó máa bọ̀ kíákíá, kò ráyè dágbére. Ó parí."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n á fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ò lóhùn ni?"

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní màá ṣe é. Fóònù àbúrò mi gan-an ni mo gbé, a sọ fún Màmá pé ó gbé nọ́ńbà rẹ̀ dání lọ. Mo pè wọ́n ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́. Wọ́n gbé e.

"Ìtura mi!" ni wọ́n wí. "Ṣé o ti jẹun? Ṣé òtútù ò mú ẹ níbẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Màmá wa, bí mo bá fẹsẹ̀ kan wọlé, "Ìjì ti dé" ni wọ́n máa ń wí. Mi ò bá wọn jà sí i; òótọ́ ni, ìjì ni mí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi mí rí láyé bóyá òtútù ń mú mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún pè. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, mo pè. Tíṣà rò pé òun ló rán mi níṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń sọ fún: lẹ́yìn oṣù kejì, ara mi ló ń rán mi.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mi fún mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ẹnu rẹ̀ ló lé ọkọ rẹ̀ jáde. Kò mọ̀ pé mo mọ̀ pé ó máa ń sunkún." Mo gbé fóònù jìnnà sí etí mi, mo mí, mo tún gbé e padà, mo fi ohùn òkú dáhùn pé, "Ẹ máa gbàdúrà fún un, Màámi."

Wọ́n ní, "Ojoojúmọ́ ni."

Nígbà tí oṣù kejìlá wọlé, wọ́n ní, "Ìtura mi, ṣé o ò ní wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ mi ni? Mo ti ń darúgbó o." Ẹnu mi yọ̀. Mo ní, "Màá wá, Màámi." Kí ni mo rò? Mi ò ro nǹkan kan. Ẹni tó ń lá oyin lẹ́nu ọ̀bẹ kì í rántí ọ̀bẹ.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù la wọ ọkọ̀ lọ sílé Màmá, èmi àtàwọn ọmọ. Tíṣà ti ní kí n kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà, mo sì ń kọ́ wọn.

"Bí Màmá àgbà bá bi yín pé ibo ni màmá yín wà, kí lẹ máa sọ?"

Lọ́yà ń wo ìta. "Òkè òkun."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, bí mo bá purọ́ nílé, ẹ máa ń ní kí n kúnlẹ̀."

"Èyí kì í ṣe irọ́. À ń fi tọ́jú èèyàn ni."

"Ta là ń tọ́jú?"

"Màmá àgbà."

"Àwa ńkọ́?"

Mo já bisikíìtì, mo fi lé e lọ́wọ́. Bí ọmọ yẹn bá ti borí mi nínú ẹjọ́, bisikíìtì ni mo máa ń fi ṣe ìdájọ́. Gílóòbù wà lórí itan mi, ó ń ka òpó iná tó ń kọjá, ó ń fo márùn-ún ní gbogbo ìgbà. Mi ò kọ́ òun ní nǹkan kan. Ní oṣù kẹrin, a ti sọ fún un pé màmá rẹ̀ kú, kò ní padà wá mọ́. Ó sunkún, ó sùn, ó tún jí sunkún, nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Mo rò pé ó ti yé e. Mo rò pé ohun tó bá ti yé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti yé e náà nìyẹn.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni Màmá wa fi tọ́ wa. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ aṣọ ibùsùn fún, títí ẹ̀yìn fi dùn wọ́n, tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Títí dòní, bí wọ́n bá di ọwọ́ rẹ mú, wàá rò pé pákó tí wọ́n fi òkúta họ ni. Wọ́n ti wà lẹ́nu géètì kí ọkọ̀ tó dúró.

"Ọkọ mi dà? Olówó orí mi dà?" Lọ́yà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbá a mọ́ra. Wọ́n gbé Gílóòbù, wọ́n fimú fa ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń wò ó bóyá aṣọ ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí mi.

"Ìjì, o ti dé?"

"Mo ti dé, Màámi. Ẹ di òrùlé yín mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ti fa àwọn ọmọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní ìparí. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn. Aṣọ funfun, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí eṣinṣin tó bá bà lé e á fi yọ̀ ṣubú. Ìrọ̀rí méjì. Ife omi kan tí wọ́n fi àwo dé.

"Ẹ wá wo yàrá tí mo tún ṣe de màmá yín."

Gílóòbù ní, "Màmá wa?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọ̀la, tàbí ọjọ́ Kérésì gan-an. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi."

Ojú ọmọ náà mọ́lẹ̀. Mo ti rí ojú yẹn rí tó ń tàn, torí súìtì, torí ajá, torí òjò. Èyí yàtọ̀. Lọ́yà wò mí, mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró nínú báfù, ọṣẹ kún orí rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún mi ní ìròyìn ayọ̀ tí etí mi ò tíì tó:

"Àǹtí, Màmá mi ò kú mọ́."

Kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ wò ó bó ṣe rò ó: àwọn àgbà kan sọ pé ó kú, àgbà tó ju gbogbo wọn lọ sọ pé ó ń bọ̀. Ta lèèyàn á gbàgbọ́? Mo ń gbọ́ tí Màmá ń kọ orin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń bá awakọ̀ tírélà jà, tí mo ti kojú mánijà mi rí níwájú èrò.

Mo ní, "Dijú ẹ, ọṣẹ á wọ ọ́ lójú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà wa ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó gbé àpótí ìwé kan wá fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìwé ìdánwò àtijọ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ni. Wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ní òrùka-òrùka, wọ́n fà á gba gbogbo ara ògiri. Lọ́yà ń ka máàkì pupa ara rẹ̀ sókè: "Ẹni yìí gba méjì nínú ogún. Ẹ wá gbé e kọ́ sókè kí gbogbo ayé rí i." Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Tíṣà fi ojú pè mí, a jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi.

"Pe Màmá báyìí. Sọ pé ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra."

"Ẹ̀yin ẹ pè wọ́n."

"Èmi ni mo ṣèlérí? Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìlérí?"

"Ẹni tó rán mi níṣẹ́ irọ́ ni."

"Ẹnu ẹ yìí!"

"Ẹnu mi yìí lẹ ń lò láti oṣù kẹrin, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ò sọ pé ó ń rùn nígbà yẹn. Ọmọ yẹn ti gbà pé ìyá òun ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́."

Ó di apá mi mú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ṣé o fẹ́ ká sin méjì nínú ọdún kan ni?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ lọ, mo yọ fóònù àbúrò mi, mo tẹ nọ́ńbà. Mo gbọ́ tó ń dún létí mi, mo tún gbọ́ tó ń dún nínú ilé.

"Ìtura mi! Ṣé o ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màámi. Ẹ má bínú. Ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra. Ó lè di lẹ́yìn ọdún."

Mo ń gbọ́ aago ara ògiri wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n tún ní, "Ó dáa náà. Kó ṣáà jẹ́ pé ara le." Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí okùn. Mo fẹ́ gbé fóònù kúrò létí nígbà tí wọ́n ní, "Dúró, dúró, ọmọ rẹ ń fà mí láṣọ."

"Màmá?"

Ọlọ́run ló mọ̀ pé ẹnu mi ò kú rí bí ó ṣe kú lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ̀yìn ti ògiri.

"Màmá, mo ti lè wọ bàtà mi fúnra mi."

"O ṣeun," ni mo wí.

"Ẹ wá wò ó. Ẹ wá lọ́la."

Ẹ má bi mí ìdí. Mo ní, "Ó dáa." Mo pa fóònù.

Bí mo ṣe padà wọlé, Màmá ń ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra, pé ó di lẹ́yìn ọdún. Ó ń mi orí. "Rárá, Màmá àgbà. Màmá mi ní ó dáa. Ó ní ọ̀la."

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó jí kí adìyẹ tó kọ. Ó wọ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀, tọ̀tún lẹ́sẹ̀ òsì. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi bàlúù sáré lójú títì, tó yẹ kó wà láàárín wọn, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu géètì, ó kó ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó wá rí dókítà. A pè é kó wá jẹun. Ó ní kí a bu ìrẹsì sí àwo méjì. Màmá fúnra wọn ló bù ú fún un, wọ́n rò pé eré ọmọdé ni. Ó gbé àwo kan lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lé ẹ̀gbẹ́ òsì, ó bo èyí tọ̀tún pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ kí eṣinṣin má bà á. Òun náà ò jẹ tirẹ̀.

Aago kan lù. Aago méjì lù. Oòrùn ti yí dé ibi tó jókòó sí, ó ń làágùn, kò dìde. Ọkọ̀ kan bá dúró lójú títì, á dìde dúró. Ọkọ̀ náà bá lọ, á jókòó.

Lọ́yà wá bá mi ní kíṣìnnì. Kò tíì jẹ ẹran rẹ̀. "Àǹtí, ta ló máa sọ fún un?"

"Á sú u láìpẹ́."

"Kò ní sú u. Bí ẹ̀yin àti Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ò bá ní sọ, èmi màá sọ. Èmi ni mo ṣáà wà níbẹ̀." Láti oṣù kẹrin la ti dí i lẹ́nu, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń rìn kiri pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ní, "Rárá. Ẹrù yẹn kì í ṣe tìrẹ. Jókòó, jẹ ẹran ẹ."

Mo gba pálọ̀ kọjá. Tíṣà rí ojú mi, ó ní, "Ibo lò ń lọ?" Mo lọ jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́nu géètì, níwájú ọmọ náà.

"Ẹ sún, Àǹtí. Ẹ ń dí ojú ọ̀nà. Màmá mi ò ní rí mi."

"Màmá rẹ ò ní wá."

"Wọ́n ní ó dáa."

"Èmi ni mo ní ó dáa."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń fọhùn. "Ẹ̀yin kọ́. Mo mọ ohùn Màmá mi."

Mi ò ní ọ̀nà mìíràn láti fi hàn án. Mo mí, mo sinmi díẹ̀, mo rọra sọ ọ́ bí òun ṣe máa ń sọ ọ́: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Wá, jẹ́ kí n wo bàtà rẹ."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó wo òpópónà lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu mi. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ la ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ sí. Mo rí i nígbà tí iná náà kú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, kò sì sí ẹni tí mo lè bá wí.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ kékeré, tí ọ̀rá ìrẹsì wà lára rẹ̀, ó fi bo ẹnu mi, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dá a padà," ló wí. "Ẹ dá a padà fún Màmá mi."

Mo mú ọwọ́ náà kúrò. Ohùn ara mi ni mo fi sọ èyí tó kù. "Màmá rẹ ti kú, ọmọ mi. Ó kú ní oṣù kẹrin. Ó fẹ́ràn rẹ, ì bá wá ká ní ó lè wá. Kò lè wá mọ́ láéláé. Èmi ni mo purọ́."

Ó ṣubú lù mí, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí láyà, ó ń pariwo. Mo jẹ́ kó lù mí. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá wa ló dúró lẹ́yìn wa, wọ́n gbé omi wá fún ọmọ náà nínú oòrùn. Ife ò já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìtàn àwọn èèyàn, ife máa ń já bọ́. Màmá wa fi ọwọ́ méjèèjì di tiwọn mú.

"Oṣù kẹrin," ni wọ́n wí.

"Màámi..."

"Ta ni mo wá ń..." Wọn ò parí ẹ̀. Wọ́n ń wo ẹnu mi, àwọn náà. "Ìwọ ni."

"Èmi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Màámi."

"Èyí tí mo sọ nípa rẹ?"

"Mo gbọ́."

Tíṣà ti sáré jáde. "Màmá! Ẹ jókòó, ẹ jókòó, ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ yín!"

Wọ́n yíjú sí i. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí, mo sì mọ ohùn. "Ẹ̀jẹ̀ mi? Ẹ̀jẹ̀ mi ti wà nínú ilẹ̀ láti oṣù kẹrin, o wá ń ṣọ́ ìyókù? Oṣù mẹ́jọ! Mo ń rẹ́rìn-ín, ìwọ ọmọ yìí. Mo ń jó níbi ìgbéyàwó èèyàn. Ọmọ mi wà nínú iyẹ̀pẹ̀, mò ń lọ aṣọ ibùsùn fún un. Ta ló fún yín láṣẹ? Ta ló sọ pé mi ò lè sunkún ọmọ mi?"

Wọ́n gbé ife fún Tíṣà, bí èèyàn ṣe ń gbé ife fún ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì gba Gílóòbù lára mi. Wọ́n ní, "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó kú?"

Ọkọ rẹ̀ wà lójú títì lọ́jọ́ náà, Tíṣà wà ní iléèwé, èmi wà nídìí gbohùngbohùn mi, mò ń kéde ọkọ̀ aago mẹ́wàá. Lọ́yà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, na ọwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì.

"Èmi wà níbẹ̀, Màmá àgbà."

"Wá, ọkọ mi. Wá sọ fún mi."

Wọ́n kó àwọn ọmọ méjèèjì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ àwọn òrùka ìwé, lọ sínú yàrá tó wà ní ìparí. Mo tẹ̀ lé wọn. Màmá fi ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ, dúró síta." Wọn ò jágbe. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ń bínú. Àmọ́ bí o bá sọ̀rọ̀, òun ni mò ń gbọ́."

Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ tí Lọ́yà bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń kólòlò, lẹ́yìn náà ó ń tú u jáde bí omi tí páìpù rẹ̀ bẹ́. "Aṣọ àwọ̀ búlúù ló wọ̀. Ó ní kí n ṣí fèrèsé. Ó ní kí n ka ìwé mi sí òun létí. Mo ka ojú-ìwé méjì, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ó tún un ṣe fún mi. Lẹ́yìn náà mo rò pé ó sùn. Mo ń kà á lọ, Màmá àgbà. Mo kà á tán kí n tó mọ̀."

Kò sọ ìyẹn fún èmi rí. Mi ò bi í rí.

Lẹ́yìn náà ni ẹkún Màmá dé. Kì í ṣe igbe. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ ńlá tó tutù, tó ń lọ́ ọ, tó sinmi, tó tún ń lọ́ ọ. Wọn ò ṣubú, wọn ò dákú, ẹ̀jẹ̀ wọn ò pa wọ́n. Wọ́n ń sunkún ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá ti sun ún nígbà tó yẹ, pẹ̀lú gbogbo wa yí wọn ká.

Mo jáde. Tíṣà jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀, ife omi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo rò pé mò ń gbà wọ́n là."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń pọ́n dè é láti oṣù kẹrin wà ní ẹnu mi, ó mú, ó gún régé. Mo wò ó. Irun rẹ̀ ti funfun lẹ́bàá etí, mi ò tíì kíyè sí i. Mo ní, "Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mu omi yẹn."

Mo lọ kó àwo méjèèjì kúrò lẹ́nu géètì. Èèrà ti wọ àwo tọ̀tún. Mo gbọn ọ́n dànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, gbogbo abọ́ ilé náà, èyí tó dọ̀tí àti èyí tó mọ́. Mo fẹ́ẹ̀ fọ wọn tán nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Gílóòbù ni. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, kò wò mí tààrà, ara táàpù ló ń wò.

"Màmá àgbà ní kí ẹ wá."

Mo yára nu ọwọ́ mi.

"Wọ́n ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ o."

Mo mi orí.

Ó rò ó wò. "Èmi náà ní kí ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Nínú yàrá, aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ yẹn ti rún wómúwómú. Lọ́yà ti sùn sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí, Màmá jókòó ti ìrọ̀rí, orí rẹ̀ wà lórí itan wọn. Wọ́n wò mí. Wọn ò ní kí n máa bọ̀, wọn ò ní kí n jáde. Wọ́n sún ẹsẹ̀ wọn díẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Ọmọ náà gun ibùsùn kọjá lórí mi. A wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fọ́ bàlúù wọn lójú títì lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì sọ̀rọ̀.